Ọ̀nà Mẹ́rin Tó Wọ Adó-Èkìtì: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tó Ń Lọ Rántí Ilé?

Lọ́dọọdún, bí Kérésì tàbí ọdún ìlú bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò mi tó wà ní Èkó àti lókè òkun máa ń pè mí pé, "Bàbá, ọ̀nà wo ni ká gbà?" Bó bá ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ tètè dé ni, èsì mi kì í gùn: ẹ bi awakọ̀ tó gba ibẹ̀ lánàá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń béèrè ti yí padà láti bí ọdún mélòó kan. Wọ́n fẹ́ gba ọ̀nà tí àwọn òbí wọn gbà. Wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀ níbi tí bọ̀lẹ̀kájà ti máa ń dúró bu omi, kí wọ́n fi òkè han ọmọ, kí wọ́n jẹ iyán lẹ́bàá títì, kí wọ́n tó wọlé. Àwọn ni mo kọ èyí fún, àti ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ Èkìtì tó fẹ́ mọ ìdí tí gbogbo wa fi máa ń dákẹ́ nínú mọ́tò bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Ẹ̀fọ̀n.

Títì jẹ́ nǹkan ńlá lọ́dọ̀ wa ju bó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá lọ. Reluwé kò wọ Èkìtì. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀ffà kọjá sí Ìlọrin, ó sì fi wá sílẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀. Kòkó, lẹ́tà, ọmọ ilé ìwé, ìyàwó tuntun, òkú tí wọ́n ń gbé bọ̀ wálé, orí títì ni gbogbo wọn gbà. Bàbá mi wa bọ̀lẹ̀kájà kó tó di pé ó ra Pijó. Kòkó ló ń kó láti Arámọkọ lọ sí Ìbàdàn, iyọ̀, aṣọ àti páànù ló sì ń kó bọ̀. Nígbà tí Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, ó ní òun kò gbé mọ́tò òun gun Ẹ̀fọ̀n fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé apá òsì lọwọ́ òun ti mọ gbogbo kọ́nà òkè náà.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ààbò ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ọ̀nà tí ọkàn kò balẹ̀ níbẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó, kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń kó ọmọ gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú títì fúnra rẹ̀: bí òkè rẹ̀ ṣe ga tó, bí kòtò rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bí ilé epo àti fọganáísà ṣe jìnnà síra wọn tó. Ẹ̀kẹta ni ohun tó wà láti rí, àti bóyá àyè wà láti páákì kí a rí i. Ẹ̀kẹrin ni owó. Mi ò ní dá iye náírà lé ohunkóhun, torí iye epo kì í dúró lójú kan, ṣùgbọ́n mo lè sọ ọ̀nà tó máa jẹ epo jù àti èyí tó máa gba owó òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀karùn-ún ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún àti ọmọ ọdún méje kì í gbádùn ọ̀nà kan náà.

Ọ̀nà òkè: Iléṣà, Ẹ̀fọ̀n, Arámọkọ, Adó

Ọ̀nà bàbá mi nìyí, mi ò sì lè sọ pé ìfẹ́ rẹ̀ kò sí lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n bí mo tilẹ̀ gbé ìfẹ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun náà ni mo máa kọ́kọ́ yàn fún ẹni tí kò rìn ín rí.

Ẹ ó kúrò ní Iléṣà bí ẹni tó ń lọ sí Àkúrẹ́. Kí ẹ tó yà kúrò lórí títì yẹn, ìtàn kan wà tó yẹ kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ. Ní 1928, ìjọba òyìnbó ń ṣe títì Iléṣà sí Àkúrẹ́ lọ́wọ́. Lára àwọn òṣìṣẹ́ wọn ni ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì. Joseph Ayọ̀ Babalọlá lorúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ẹ̀rọ yẹn kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lápá Ìkéjì-Arákejì, gbogbo ọgbọ́n tó ní nípa ẹ́ńjìnnì kò sì jí i. Ó jẹ́rìí pé ibẹ̀ ni òun ti gbọ́ ohùn tó pe òun. Ó fi iṣẹ́ títì sílẹ̀, ó di wòlíì, àwọn ọmọ ìjọ C.A.C. kárí ayé sì ń pè é ní bàbá dòní. Nígbà tó kú ní 1959, Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n sin ín sí, lórí òkè tí ẹ fẹ́ gùn yìí gan-an. Ìkéjì wà níwájú, ẹ kò ní dé ibẹ̀ bí ẹ bá yà. Apá ibẹ̀ náà ni omi Olúmìrìn tó ń ya lulẹ̀ ní ìpele méje ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà. Ẹni tó ní odidi ọjọ́ méjì lè lọ wo méjèèjì kó tó padà wá yà.

Ìwàrájà lẹ ti máa yà sọ́wọ́ òsì, ẹ ó gba Ẹ̀rìnmọ̀, òkè á sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé láti inú "òkìtì" ni orúkọ Èkìtì ti wá, ẹni tó bá gun ibí yìí kò ní bá wọn jiyàn. Títì náà ń lọ́ mọ́ ara òkè, igbó dúdú lápá kan, àfonífojì lápá kejì. Ní òwúrọ̀ ìgbà òjò, ìkùukùu máa ń bo ojú títì débi pé ẹ ó ní láti tan iná mọ́tò. Afẹ́fẹ́ á tutù, ẹ ó pa èésì, ẹ ó yí gíláàsì sílẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń dúró kó bu omi sí rédíétọ̀, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin tó wọkọ̀ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí mi lórí òkè yìí. Gíá kékeré ni wọ́n fi ń gùn ún, gíá kékeré náà ni wọ́n fi ń sọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ lé búrẹ́ẹ̀kì láti òkè dé ìsàlẹ̀ ń se búrẹ́ẹ̀kì rẹ̀ ni, búrẹ́ẹ̀kì tó bá sì gbóná kọjá ààlà kì í mú mọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo ṣì ń kánjú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sọ̀ lọ sápá Iléṣà, òórùn bí ìgbà tí rọ́bà ń jó wọ inú ọkọ̀, ẹsẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ọlọ́run ló jẹ́ kí ibi pẹrẹsẹ kan wà níwájú. A jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan kó tó tutù. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba Ẹ̀fọ̀n, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé nígbà wo ni mẹkáníìkì wo búrẹ́ẹ̀kì rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n, ẹ ó dé oríta Ìtawurẹ́, níbi tí ọ̀nà Òkèmẹ̀sí ti ya. Ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Arámọkọ, ìlú Alárá. Ẹni tó bá ti ń gbọ́ ẹsẹ Ifá láti kékeré ti gbọ́ nípa Alárá àti Ajerò tipẹ́, àwọn ọmọ kì í sì í gbàgbé bí ẹ bá sọ fún wọn pé ìlú tí wọ́n ń gbọ́ nínú ìtàn nìyí lẹ́bàá títì, tí èèyàn ń ta búrẹ́dì níbẹ̀.

Láti Arámọkọ, ẹ lè yà gba Ẹrínjìyàn lọ sí Ìkógòsì. Bí ọmọdé bá wà nínú ọkọ̀, ẹ má kọjá rẹ̀. Omi gbígbóná àti omi tútù ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn, ṣùgbọ́n ẹ lè ki ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kan kí ẹ ki èkejì bọ ìkejì. Iye tí wọ́n máa ń sọ ni pé èyí tó gbóná tó 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì níbi orísun rẹ̀, ó sì ń di bí 37 níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ibẹ̀ ni owó ẹnu ọ̀nà wà, ibẹ̀ náà lẹ ti lè sùn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Omi Àrìnta tó ń ya láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà sí i.

Ìgèdè àti Ìyìn ló kù kí ẹ tó wọ Adó. Mo máa ń dẹ ẹsẹ̀ ní Ìyìn. Ìlú Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n pa Adékúnlé Fájúyì pẹ̀lú Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1966, Adébáyọ̀ ló bọ́ sípò gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ Adó ni Fájúyì. Títì yìí gan-an ló so ìlú àwọn méjèèjì pọ̀, bí ẹ bá sì gba Basiri wọ Adó, ẹ ó bọ́ sí àdúgbò tí wọ́n fi orúkọ Fájúyì pè, níbi tí ọgbà ìrántí rẹ̀ wà. Mi ò mọ ìrìn kúkúrú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tó kó ìtàn 1966 sí ojú kan báyìí.

Ní ti owó, òun ló wọ́n jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá bí ẹ bá sùn sí Ìkógòsì. Òkè ń jẹ epo, torí náà ẹ kún táǹkì ní Iléṣà. Ní ti ààbò, igbó tó wà láti Ìwàrájà dé Ìtawurẹ́ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń wà ní alẹ́. Wọ́n ti jí èèyàn gbé lápá ibẹ̀ rí. Ojú ọ̀sán gangan ni ọ̀nà yìí wà fún.

Ọ̀nà ìrọ̀rùn: Àkúrẹ́, Ìkẹ́rẹ́, Adó

Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 50 lọ, ìlú sì ń tẹ̀ lé ìlú. Kò sí òkè tó le níbẹ̀, ilé epo àti fọganáísà pọ̀, ọkọ̀ èrò kì í wọ́n ní gárééjì. Ọkọ̀ kékeré tó pé kò ní jẹ ju lítà márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Òun ló rọjú jù, òun náà ló dára jù fún arúgbó tí ẹ̀yìn ń dùn, torí ó lè sọ pé òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀ nígbàkigbà.

Àbùkù rẹ̀ kò pamọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn ti fi ráhùn nípa kòtò ojú ọ̀nà yìí. Títì ìjọba àpapọ̀ ni, iṣẹ́ sísọ ọ́ di olójú méjì sì ti fa gùn. Ibi kan lè dán lónìí kí ibi kejì jẹ́ ẹrẹ̀ àti eruku. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbà á ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kì í ṣe ní oṣù tó kọjá.

Síbẹ̀, bí ẹ bá ti rí Olósùnta lókèèrè, ẹ ó gbàgbé kòtò. Àpáta ńlá méjì ló gbé Ìkẹ́rẹ́ dání, Olósùnta àti Òrólẹ̀, wọ́n sì ṣì ń bọ wọ́n. Ẹ páákì, ẹ jẹ́ kí ọmọ wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ọ̀nà ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́.

Ààfin yìí ni ìdí tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ kò ní ìtàn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀, agbẹ́gilére, ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn rẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀, lórí òkè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn kó tó di ará Ìṣẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀, ọba ibẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan tó ní apá méjì: lápá kan, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Lápá kejì, òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain Ambrose ń bọ̀ wá kí ọba, èèyàn ló sì gbé e sórí. Kò tíì sí mọ́tò níbẹ̀ nígbà náà. Ọ̀nà tí ẹ fi mọ́tò gbà wá, orí èèyàn ni òyìnbó fi gbà á. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, òyìnbó sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú wọn pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù dòní. Òpó kan tó gbẹ́ fún ààfin kan náà wà ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ àbúrò mi kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ti rí ilẹ̀kùn náà níbẹ̀ kó tó mọ Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí mo mú un dé iwájú ààfin, ó dúró fún ìgbà pípẹ́ láìsọ nǹkan kan, ó wá ní, "Bàbá, ibí ló yẹ kó wà." Mi ò ní èsì kankan fún un, mo kàn dì í lọ́wọ́ mú.

Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó kò pẹ́. Ajílóṣùn lẹ ó gbà wọlé, ẹ ó sì dé Ìjìgbò. Bí ẹni tó lọ sí Christ's School bá wà nínú ọkọ̀, ẹ gbé e dé Àgídímọ̀. Láti 1933 ni ilé ìwé yẹn ti wà, Henry Dallimore ló sì dá a sílẹ̀. Àwọn bàbá wa tó kàwé níbẹ̀ máa ń sọ bí wọ́n ṣe ru àpótí aṣọ sórí láti ibi tí mọ́tò já wọn sí.

Ọ̀nà ogun: Òṣogbo, Ìgbájọ, Ìmẹ̀sí-Ilé, Òkèmẹ̀sí

Mo gba ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ìtàn níyànjú pé kó gba ọ̀nà yìí, mo sì ń kìlọ̀ fún ẹni tó kàn fẹ́ ìgbádùn pé kó má gbà á.

Láti Òṣogbo, ẹ ó gba Ìkìrun, níbi tí ogun Jálumi ti jà ní 1878, ẹ ó sì dé Ìgbájọ. Láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni pápá ogun Kírìjì wà. Ìgbájọ ni ibùdó Ìbàdàn, Ìmẹ̀sí-Ilé ni ti Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, lábẹ́ Ògèdèǹgbé ará Iléṣà. Ìró ìbọn tó ń dún láàárín òkè ló fún ogun náà lórúkọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ló ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, bí àwọn ọmọ òde òní ṣe ń fi owó ránṣẹ́. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí ibùdó méjèèjì tó tú ká. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún kí àwọn jagunjagun tó lọ sílé. Bí ẹ bá dúró lórí òkè yẹn tí ẹ wo bí ibùdó kan ṣe ń wo èkejì lójú, iye ọdún yẹn á yé yín ju bí ìwé ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Lẹ́yìn Ìmẹ̀sí-Ilé ni Òkèmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi. Fábùnmi ló pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó ń ni wọ́n lára, ohun tó ṣe yẹn ló sì kó gbogbo Èkìtì jọ. Láti Òkèmẹ̀sí, ẹ lè sọ̀ sí Ìtawurẹ́ kí ẹ bá ọ̀nà òkè pàdé, tàbí kí ẹ yà lọ sí Ìjerò.

Ṣùgbọ́n títì náà tóóró, ilé epo kò pọ̀, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sì lè má gbé láàárín òkè. Kò sí pátákó tó máa tọ́ka gbogbo nǹkan fún yín. Bí ẹ bá dé ìlú, ààfin ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, kí ẹ kí ọba àti àwọn ìjòyè, kí ẹ sọ ohun tí ẹ wá wò, wọn á sì fún yín ní ẹni tó mọ ọ̀nà. Ẹ fi nǹkan sí i lọ́wọ́ bí ẹ bá parí. Owó epo rẹ̀ kò pọ̀, kò sí owó ẹnu ọ̀nà tó ń dẹ́rù bani, àsìkò ló ń gbà: odidi ọjọ́ kan. Ọmọdé á sú, arúgbó kò ní lè gun òkè náà. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ṣì le, tó ti ń gbọ́ Kírìjì láti kékeré, ni mo rò pé ó yẹ jù. Mo mú ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn lọ síbẹ̀ rí. A jọ jókòó sórí àpáta, a pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun jẹ, a jọ sọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá wa tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yìnbọn síra wọn.

Ọ̀nà àríwá: Ọ̀tùn, Ìdó, Ìfàkì, pẹ̀lú ẹ̀ka Ìrè

Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìlọrin tàbí Òmù-Àrán máa gba Ọ̀tùn, ìlú tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Ọọ̀rẹ̀, wọ Ìdó, Ìfàkì àti Ìwòròkò, kó tó bọ́ sí òpópónà Adébáyọ̀ ní Adó. Láti Ìfàkì sí Adó, títì olójú méjì ni. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré bí ẹ bá gbé aláìsàn. Ojú ọ̀nà náà kò ní òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n, kò sì ní ohun púpọ̀ láti dúró wò.

Ohun tó mú mi kà á mọ́ wọn ni Ìrè. Láti Ìfàkì, ẹ yà sí Ọ̀yẹ́, Ìrè kò jìnnà síbẹ̀. Ìlú Ògún Onírè ni. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n kọ pé "Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀," ibẹ̀ ni wọ́n sì ní ó ti wọlẹ̀. Bàbá mi jẹ́ onígbàgbọ́, kì í bọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ ìgbà ayé rẹ̀ tí kò bọ̀wọ̀ fún ìlú yẹn. Ọmọ awakọ̀ tó bá ń rin ìrìn àjò ìrántí yẹ kó ki orí bọ ibẹ̀.

Bí ẹ bá tẹ̀ síwájú sí Ìkọ̀lé, Òmùò àti Kàbà, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní 2024, wọ́n pa ọba méjì, Onímòjò àti Elésùn, lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Ìrèlé-Èkìtì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé lápá Ẹmùré. Ẹ̀dùn ọkàn ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára wa. Títì Kàbà jẹ́ títì àtijọ́ tó ní ìtàn, àwọn oníṣòwò ló fi ẹsẹ̀ là á, ó sì wù mí kí ọjọ́ kan dé tí mo lè sọ pé ẹ lọ. Lónìí, mi ò lè sọ ọ́. Ẹ ṣe Ìrè ní ọ̀sán, kí ẹ padà sí Adó.

Ta ló yẹ kó gba èwo

Bí ẹ bá ń gbé ìyá tàbí bàbá tó ti dàgbà wálé, Àkúrẹ́ sí Ìkẹ́rẹ́ ni, láìsí àríyànjiyàn, kí ẹ sì fi aago kan kún àsìkò yín nítorí kòtò. Bí owó kò bá tó, òun náà ni. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò láti Àkúrẹ́, ẹ sọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ wo àpáta àti ààfin, ẹ wọ òmíràn. Ẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà Ẹ̀fọ̀n, torí bí ẹ bá sọ̀ lójú òkè, mọ́tò mìíràn lè má tètè kọjá.

Bí ọmọ bá wà nínú ọkọ̀, tí mọ́tò jẹ́ tiyín, tí búrẹ́ẹ̀kì sì pé, ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú Ìkógòsì kò ní ẹlẹgbẹ́. Ẹ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ fún un. Ọmọ ìjọ C.A.C. kò nílò kí n sọ ìdí fún òun. Ẹni tó bá sì ti òkè òkun dé, tó ń wá ojú tí yóò máa rí nínú oorun bó bá padà, ọ̀nà yìí náà ni kó gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gùn tí ó sì wọ́n jù.

Ọ̀nà Kírìjì wà fún èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó lè fẹsẹ̀ rìn, tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà. Ẹ má kó ẹbí rẹpẹtẹ lọ. Bí ẹ bá lè so ó mọ́ ọ̀nà òkè ní Ìtawurẹ́, kí ẹ sùn sí Arámọkọ tàbí Ìkógòsì, ìrìn yẹn lọ́lá ju gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀ lọ, àmọ́ ó ń gba ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ọ̀nà àríwá jẹ́ ti ẹni tó bá ti ń bọ̀ láti Ìlọrin tẹ́lẹ̀. Mi ò ní sọ pé kí ará Èkó yí po lọ síbẹ̀ nítorí Ìrè nìkan, torí láti Adó, òwúrọ̀ kan tó fún un.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ní sípíà táyà tó ní afẹ́fẹ́, jáàkì, omi fún rédíétọ̀, àti nọ́ńbà ẹnì kan ní ìlú tí ẹ ń lọ. Ẹ kúrò kí agogo mẹ́jọ tó lù, ẹ sì dé kí oòrùn tó wọ̀.

Lọ́dún yìí, ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ni mo tún ń gbà, ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méje ló sì máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo ti mọ ibi tí a ó dúró sí. Kété lẹ́yìn Ẹ̀rìnmọ̀ ni, níbi tí títì ti kọ́kọ́ lọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún tí àfonífojì sì là sílẹ̀. Bọ́tìrì omi méjì wà ní bọ́ọ̀tù mi fún rédíétọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò òde òní kò nílò rẹ̀ lójú òkè yẹn mọ́.